Osùn Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Tọ́ọ̀ṣì ni ohun èlò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ní mùsíọ́ọ̀mù. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí wá, tí mo ti fọkàn sí i pé iwájú àlejò ni wọn yóò fi mí sí kí n máa ṣàlàyé ère fún àwọn ọmọ iléèwé, inú sítọ́ọ̀ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n mú mi lọ. Bàbá, ọ̀gá tó ń ṣàkóso sítọ́ọ̀ náà, ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù ìsàlẹ̀, kí n tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè gba orí ilẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní eruku ni. Wọ́n ní, “Irú eruku wo?”

Ó pẹ́ kí n tó lè dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ. Bí eruku bá kúnná, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bíi ti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tó sì kó jọ sójú kan lábẹ́ ère, kòkòrò wà nínú ère náà, ó ń jẹun lọ́wọ́. Bí orí òkìtì náà bá ti ṣú, tí eruku mìíràn ti bò ó, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ọ̀hún ti kú tipẹ́. Amọ̀ tó fà tẹ́ẹ́rẹ́ gun ògiri, ikán ni. Ẹ̀rún aláwọ̀ ewé tó jábọ́ sábẹ́ idẹ, idẹ náà ń ṣàìsàn. Ìgbẹ́ aáyán, ìgbẹ́ eku, ìyẹ́ kòkòrò tí ń jẹ aṣọ, kò sí èyí tí kò ní ohun tó ń sọ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Bàbá kórìíra ọwọ̀ nínú sítọ́ọ̀. Wọ́n ní ọwọ̀ ń gbé eruku kúrò nílẹ̀ lọ sórí ère ni, ó sì ń gbá ẹ̀rí dànù kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Lẹ́yìn tí a bá ti wò ó, tí a ti kọ ohun tí a rí sínú ìwé, aṣọ tó rin díẹ̀ la fi ń nu ilẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà, kí n pọn omi kún un dé ọrùn, kí n gbé e sínú tíréè tí a tẹ́ tówẹ̀lì sí, kí n sì gbé e láti sítọ́ọ̀ dé gbọ̀ngán àfihàn, gba ẹnu ọ̀nà méjì àti àtẹ̀gùn kan, kí omi má dà. Kí n tó gbé e, mo gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ibo ni mo ń gbé e lọ, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi, ibo ni ààyè wà tí mo máa gbé e kà? Bí n kò bá rí ọ̀kan dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n má tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aago ọwọ́, òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àti káàdì ìdánimọ̀ tí ń fì láyà, gbogbo rẹ̀ ni kí n bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kan lábẹ́, ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèwọ̀ ni kí a di ìkòkò mú létí, kí a di ère mú lápá, kí a di ẹ̀kú egúngún mú níbi aṣọ tó rọ̀ wálẹ̀. Bàbá ní ibi tí ọwọ́ ti ń wu èèyàn láti dì mú gan-an ni ibi tó máa kọ́kọ́ ya.

Àwọn tí ń gba owó ìwọlé níwájú ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ti gba apọnmi tuntun síṣẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé ìkòkò náà dé gbọ̀ngán tí omi kankan kò kán sílẹ̀, mo ń retí kí Bàbá yìn mí. Wọ́n kàn da omi náà sí ìdí òdòdó, wọ́n gbé ìkòkò òfìfo lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gbé e padà bí mo ṣe gbé e wá. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó fúyẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn ṣọ́ra.

Jọ́ọ̀sì ni Bàbá ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan kò sì lè lọ kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Bernard Fagg ló dá mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1952, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ère amọ̀ Nok wà. Ní 1963, UNESCO àti ìjọba Nàìjíríà dá ibi ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù jákèjádò Áfíríkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Bàbá ṣì máa ń fi Faransé díẹ̀ bú wa nígbà tí inú bá bí wọn, kí àlejò má baà gbọ́. Síbẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí a rò pé Jọ́ọ̀sì ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, ní 1945, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní 800 tó wà níbẹ̀. Òyìnbó kan kọ ìròyìn nípa àwọn ère náà ní 1933, ṣùgbọ́n àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n, wọ́n sì ti ń ṣọ́ wọn tipẹ́ kí ó tó dé. Bàbá a ní àwọn yẹn ni ọ̀gá àwọn ní tòótọ́, pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọn kò ní.

Káàdì ni iṣẹ́ tó kàn. Gbogbo ohun tó bá wọ mùsíọ́ọ̀mù ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀, kí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ńlá, kí ó sì wà lórí káàdì tó sọ bí nǹkan náà ṣe rí àti ibi tí a gbé e sí. Mo rò pé iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni. Bàbá gbé ère ìbejì kan sí iwájú mi, wọ́n ní kí n kọ káàdì rẹ̀. Mo kọ ọ́: ère ìbejì, obìnrin, igi, mo wọn gíga rẹ̀, mo kọ iye sẹ̀ńtímítà. Bàbá kà á, wọn kò fèsì. Wọ́n dá ère náà padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, wọ́n pe arábìnrin kan láti ọ́fíìsì àwọn tí ń sanwó oṣù, wọ́n fún un ní káàdì mi, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ka sí èyí tí ọmọ yìí kọ.” Arábìnrin náà wo ṣẹ́ẹ̀fù títí, ó tọ́ka sí mẹ́ta. Kò sí ère tiwa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí wọ́n ṣe ń dán káàdì mi wò nìyẹn láti ọjọ́ náà lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ni wọ́n ń pè: awakọ̀, ọlọ́dẹ, ọmọ iléèwé tó wá fún ìmọ̀ iṣẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Mo kọ irú irun tó wà lórí ère náà, iye ìlà tó wà lára irun ọ̀hún, bóyá ó ga ṣóńṣó tàbí ó pín sí méjì. Mo kọ ilà ojú, bóyá àbàjà ni tàbí pélé. Mo kọ pé ìṣó kékeré ni wọ́n fi ṣe ẹyinjú ọ̀tún, pé ti òsì ti bọ́. Bàbá ní, “Òsì ta ni? Tìẹ ni àbí tirẹ̀?” Òsì ère ni a ń kọ nígbà gbogbo, òsì ẹni tó ń wò ó kọ́. Mo ka ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, mo to àwọ̀ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀léra lórí okùn. Mo kọ ibi tó sán, bó ṣe gùn tó, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ẹni tó bá tún wò ó lẹ́yìn ọdún mélòó kan lè mọ̀ bóyá ó ti gùn sí i. Ọjọ́ tí ọlọ́dẹ mú ère tí mo kọ láì ṣiyèméjì ni mo mọ̀ pé mo ti ń di òṣìṣẹ́.

Ohun kan wà tí n kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìbejì wa ni nǹkan pupa kún inú ilà ara wọn, ti àwọn kan nípọn débi pé ó bo ìka ẹsẹ̀. Aró tàbí búlúù ìfọṣọ ṣú sí irun wọn. Ojú àwọn mìíràn ti dán, imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Mo bi Bàbá pé ìgbà wo ni a máa fọ̀ wọ́n. Wọn kò bú mi ní Faransé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n mú mi lọ sí àdúgbò kan nígboro, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí wọ́n bá dọ́rẹ̀ẹ́, ìyá ìbejì ni. Ìyá náà ní ère méjì nínú yàrá. Wọ́n jẹ́ kí a jókòó. Wọ́n wẹ àwọn ère náà, wọ́n nù wọ́n gbẹ, wọ́n po osùn, wọ́n sì fi í ra wọ́n lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń pa ojú wọn, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń bá wa sọ̀rọ̀ ọjà lọ.

Nígbà tí a padà dé sítọ́ọ̀, mo tún gbé àwọn ìbejì wa wò. Imú tó tẹ́jú yẹn, àtàǹpàkò ìyá ló jẹ ẹ́ tán. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́kọ́ gbẹ́ ojú náà, ìyá ló parí rẹ̀. Osùn tó wà nínú ilà ara náà, ẹ̀rí ìtọ́jú ni, bí a bá fi òwú àti omi yọ ọ́, igi lásán ló kù sí wa lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sí káàdì báyìí: “Osùn wà ní ọrùn, abẹ́ apá àti àárín ìka ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́.” Bàbá kà á, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Òun ni káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí láì dá a padà.

Eruku tó bọ́ lé e láti òkè ilé ńkọ́? Ìyẹn la ń yọ, nítorí kò sí nínú ìgbé ayé ère náà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ la fi ń gbá a, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, sí ẹnu ẹ̀rọ tí ń fa eruku, a sì máa so aṣọ àwọ̀n tín-ínrín mọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà kí ó má baà gbé ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀rún àwọ̀ tó ti tú mì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eruku yìí àti osùn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa, lójú tèmi. Mo ti rí àwọn tó kàwé jù mí lọ tí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Àpáàdì ni mo fi kọ́ nọ́ńbà kíkọ. A máa ń po Paraloid B-72, irú oje kan tó mọ́ gaara, mọ́ acetone tó ń yọ́ ọ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kun ojú kékeré kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, a ó fi kálámù ẹnu ṣóńṣó kọ nọ́ńbà lé e, tí yẹn náà bá gbẹ, a ó tún fi Paraloid bò ó. Kò gbọdọ̀ wà lójú, kò gbọdọ̀ wà níbi tó ti kán, kò gbọdọ̀ wà lórí kíkùn. Kò gbọdọ̀ ṣí nígbà tí ọwọ́ bá kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kọ̀ láti ṣí lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fẹ́ fi acetone nù ún kúrò. Acetone ń fò lọ kíákíá, bí ọwọ́ bá lọ́ra, ohun tí a ń kùn yóò máa yi, yóò fa okùn. Ti aṣọ yàtọ̀. Orí ọ̀já òwú la ń kọ nọ́ńbà sí, a ó wá rán an mọ́ etí aṣọ ní ojú abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan, kí abẹ́rẹ́ gba àárín àwọn fọ́nrán kọjá, kí ó má gún fọ́nrán fúnra rẹ̀. Lórí aṣọ òkè, ìka a máa kọ́kọ́ mọ ibi tí àlàfo wà kí ojú tó rí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn pé iṣẹ́ ìwé ti pọ̀ jù, Bàbá a mẹ́nu kan olè. Ní 1987, olè kó nǹkan mẹ́sàn-án ní mùsíọ́ọ̀mù Jọ́ọ̀sì, orí idẹ Ifẹ̀ kan wà nínú wọn. Láàárín ọdún 1990 sí 1995, wọ́n jí àwọn orí ní mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ alára. Ní 1994, ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́ọ̀mù lágbàáyé, tẹ ìwé kan tó kó àwòrán ọgọ́rùn-ún ohun tó sọnù ní Áfíríkà jọ, wọ́n sì rí díẹ̀ nínú wọn gbà padà. Orí idẹ Ifẹ̀ tó lọ ní 1987 yẹn, ọdún 2017 ni ọlọ́pàá gbẹ́sẹ̀ lé e ní Lọ́ńdọ̀n. Bàbá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Bí kò bá sí ìwé, kí la fẹ́ sọ fún wọn?”

Ti kòkòrò igi ló gba sùúrù jù. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù lágbàáyé ló ń da DDT àti àwọn oògùn mìíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sára ère, májèlé náà sì lè wà lára wọn títí dòní. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ ìbọ̀wọ́ bí a kò bá mọ ìtàn ère kan. Lóde òní, afẹ́fẹ́ la fi ń du àwọn kòkòrò náà. A ó gbé ère sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá, a ó fi sáṣẹ́ẹ̀tì tí ń fa ọ́síjìn sí i, a ó fi irin gbígbóná lẹ ẹnu ọ̀rá náà pọ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìwé òyìnbó tún ń sọ ti fírísà, pé kí a gbé nǹkan sí òtútù ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ó dára fún ìlú tí iná wọn kì í lọ. Bí a bá yọ ère jáde nínú ọ̀rá, bébà dúdú la ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, a ó sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bébà náà bá mọ́, a dúpẹ́. Bí ìyẹ̀ bá tún wà lórí rẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní èrò tèmi lórí ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn olóore máa ń kó fún mùsíọ́ọ̀mù. Igi ń wú nígbà òjò, ó ń súnkì nígbà ọyẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é. Bí a bá tan amúlétutù láàárọ̀, tí a pa á nírọ̀lẹ́, tí iná tún lọ lọ́sàn-án, òjò àti ọyẹ́ la fi jẹ ère náà níyà láàárín ọjọ́ kan. Idẹ ní tirẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rinrin rárá: bí iyọ̀ bá ti wà nínú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì rin, ẹ̀rún aláwọ̀ ewé yẹn yóò máa jẹ ẹ́ lọ. Nítorí náà, àpótí tó ní ìdérí le ni idẹ wa ń gbé, pẹ̀lú sílíkà tí a máa ń yan gbẹ lóòrèkóòrè. Ti igi, òrùlé tó yọ síta dáadáa àti fèrèsé tó kọjú síra ti ṣe é lóore ju ẹ̀rọ lọ.

Bàbá ló ta kú pé kí wọ́n fi mí ṣọwọ́ sí Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí EPA, iléèwé ìtọ́jú ohun àjogúnbá Áfíríkà, ti wà láti 1998. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìlànà RE-ORG pàdé, èyí tí ICCROM, àjọ àgbáyé fún ìtọ́jú ohun àjogúnbá, àti UNESCO ṣe fún sítọ́ọ̀ tó ti dàrú. Ohun tó béèrè kò ju ohun tí ojú lè rí lọ: kí ohunkóhun má wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí gbogbo nǹkan ní ibùjókòó, kí a lè rí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí a má sì ní láti gbé ju nǹkan méjì lọ kúrò lọ́nà ká tó mú un. Mo rántí sítọ́ọ̀ kan tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, n kò ní sọ èwo, tí wọ́n ń gbé odidi ilẹ̀kùn gbígbẹ́ mẹ́rin kúrò kí ọwọ́ tó tó ìlù kan. Àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa rà. Èmi ń ṣírò iye pákó tí mo máa fi kan ṣẹ́ẹ̀fù.

A to sítọ́ọ̀ tiwa kí Bàbá tó fẹ̀yìn tì. Àwa méjèèjì ka gbogbo nǹkan inú sítọ́ọ̀, èmi ń pe nọ́ńbà, àwọn ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìwé. Pẹ́ńsùlù nìkan ni wọ́n ń gbà láyè nínú sítọ́ọ̀, nítorí tàdáwà a máa jò. Ibi tí a kò ti rí nǹkan kan tí ìwé ní ó wà, wọn kò gbà kí a fa ìlà gba orí rẹ̀; wọ́n ní kí n kọ “a kò rí i” àti ọjọ́ tí a wá a. Nígbà tí a parí, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n buwọ́ lùwé pé mo gbà á.

Ní báyìí, èmi náà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Wọ́n ń pọn omi sínú ìkòkò, wọ́n sì ń bínú sí mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan láti agbègbè Yewa, ìyẹn Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, ń bá mi jà lórí ìbòjú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tí nǹkan dúdú ṣú sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Èmi ní kíkùn ni. Òun ní èéfín àjà ni, pé nílé àwọn, òkè iná ìdáná ni wọ́n ń gbé ìbòjú sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, àti pé bí a bá fọ̀ ọ́, a ti pa ìtàn ibi tó gbé rẹ́. A ti wò ó pẹ̀lú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, kò yé wa síbẹ̀. A kọ èrò méjèèjì sí káàdì, a kọ orúkọ wa méjèèjì àti ọjọ́ sí i. Ó fẹ́ lọ bi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Kétu, mo sì ti bá a kọ lẹ́tà tí yóò fi tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì.